Ta Ló Sọ fún Àwọn Onítẹ́tẹ́?

Su-yun ń di ìrẹsì àti ẹran tòlótòló tí ọkọ rẹ̀ máa gbé lọ sí pápá ìṣeré nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Obìnrin kan tó wọ kóòtù dúdú ló bá níta, ọlọ́pàá méjì dúró tì í.

"Ẹ káàárọ̀ o. Weng ni mo ń jẹ́, agbẹjọ́rò ìjọba. Ọ̀rọ̀ Tseng Chih-yao la bá wá."

Su-yun mú wọn wọlé, ó sì pe ọkọ rẹ̀ wá sí pálọ̀. Gbogbo ìlú Chiayi ló ti wo fídíò kan nípa rẹ̀. Chih-yao ọkọ rẹ̀, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú, ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin, kò sí èyí tó bọ́ síbi tó yẹ, òfin eré sì gba ẹni tó mú igi dání láyè láti rìn gbẹ̀fẹ́ lọ sí ìdúró àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ariwo fi gba orí fóònù pé àwọn onítẹ́tẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní akọni tẹ́lẹ̀ ti wá ń pè é lólè. Wọ́n ti fa àwòrán rẹ̀ ya lára ògiri pápá.

Po-jui, àbúrò Su-yun tó ń wa ọkọ̀ fún Chih-yao tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbé tíì kalẹ̀ fún àwọn àlejò, ó sì lọ fara ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

"Ẹ̀rí wo lẹ ní?" Su-yun béèrè. "Fídíò yẹn?"

"Fídíò yẹn ò wúwo, Ìyáàfin," ni Weng wí. "Ẹni tó gba rìbá lè jù ú báyẹn. Ẹni tí ara ń ro náà lè jù ú báyẹn. Ohun tó bá máa rí bákan náà, yálà èèyàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, kò tíì fi ohunkóhun hàn. Fọ́tò tí ọkọ yín àti onítẹ́tẹ́ kan jọ yà, tí wọ́n tún ń pín kiri, ńkọ́? Gbajúmọ̀ wo ni wọn kì í bá ya fọ́tò? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó sọ fún wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Èjìká ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ máa rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Orúkọ èké ló fi ránṣẹ́ yìí sí àwọn onítẹ́tẹ́. Ta lẹ rò pé ó ni ohùn yìí?"

"Kì í ṣe èmi!" ni Chih-yao wí.

"Ẹ lè rán ẹlòmíràn," ni Weng fèsì.

Láti ìgbà tó ti ń pọn ẹni tó ni ohùn yẹn sẹ́yìn ni Su-yun ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ló tó kíyè sí i pé Po-jui, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò tíì la ẹnu rárá látìgbà tí àwọn àlejò ti wọlé. Tí òun bá dákẹ́, wọ́n á mú ọkọ òun lọ. Tí òun bá sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá òun bí ni wọ́n máa mú.

"Po-jui," ó pè é láì wẹ̀yìn, "o ò tíì kí àlejò."

Po-jui kàn mi orí sí wọn.

"Mo ní kí o kí wọn."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

Ohùn yẹn gan-an ni. Weng gbójú sókè.

Po-jui bú sẹ́kún. "Mi ò ní kí Ẹ̀gbọ́n jù ú dànù o! Mo kàn sọ pé èjìká ń dùn wọ́n, mo sì rò pé wọn ò ní lè jù ú dáadáa ni. Àwọn onítẹ́tẹ́ yẹn ń pè mí ní ọ̀gá. Nílé yìí, dírẹ́bà lásán ni mí."

"Ìròyìn èjìká yẹn gan-an ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ," ni Weng wí. "Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ò tó. Ohùn máa ń jọra, ẹ̀rù sì lè mú kéèyàn jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. A máa yẹ fóònù rẹ wò ná." Ó yíjú sí Chih-yao. "Ẹ̀yin náà, ṣé kóòṣì mọ̀ nípa èjìká yẹn?"

Chih-yao tẹrí ba. "Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á yọ mí."

"Àṣírí tẹ́ ẹ fi pa mọ́ yẹn ni wọ́n rí tà."

Fóònù Po-jui jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Chih-yao bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn jìbìtì, ṣùgbọ́n èjìká náà ò san mọ́, kò sì tún ju bọ́ọ̀lù lórí pápá. Díẹ̀ péré ló tọrọ àforíjì nínú àwọn tó bú u. Ìyá Su-yun kì í gbé ìpè ọmọ rẹ̀ mọ́. Bí Su-yun bá lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, nígbà mìíràn Po-jui á ní òun ò fẹ́ rí i. Á jókòó títí àsìkò á fi tó, kó tó padà sílé.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí fídíò bá dé sórí fóònù rẹ, béèrè ohun tó fi hàn gan-an kí o tó pe ọmọ ẹlòmíràn lólè. Bí ẹnìkan bá sì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ìròyìn nípa ìlera eléré ìdárayá kan lọ́wọ́ rẹ, fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an. Po-jui rò pé òun kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni.