Ọkọ̀ Pupa Tí Kò Dún Mọ́

Ó yẹ kí páìpù náà jó mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti yà wọ ọgbà mi ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó ń bú ramúramù débi pé àwọn tó ń ta káàdì fóònù ní ìkòríta Adébáyọ̀ ní Adó ń di etí. Èmi sì ṣèèṣì gbé ọwọ́ lásán lé ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀. Mo ti lanu láti ké. Ṣùgbọ́n ó tutù bí ìdí àmù. Mo yọ ánkáṣíìfù láti nu ọwọ́, mo sì rí i tí etí aṣọ náà ń fì lọ sọ́dọ̀ páìpù. Gbogbo ọkọ̀ tí mo mọ̀ láyé ń tú èéfín jáde ni. Èyí ń fa atẹ́gùn wọlé.

Mo sọ fún ara mi pé ojú ló ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà fi ojú aríran wò mí: Ayọ̀rìndé ni orúkọ mi, sàlẹ́ńsà ni mò ń ṣe, ọmọ ìjọ Áńgílíkà sì ni mí láti kékeré. Bí àwọn Aládùúrà ilé kejì bá ń ríran, rédíò mi ni mo máa ń yí sókè. Ohun tí mo bá rí ni mò ń sọ, n kì í bù mọ́ ọn.

Ọláyíwọlá ni ẹni tó wa ọkọ̀ náà wá ń jẹ́. Ọkùnrin dúdú ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sáré nígbà tí irun mi ṣì dúdú: Tòyótà Sẹ́líkà pupa, ilẹ̀kùn méjì péré, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbé irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ohun kan náà ni wọ́n ń fẹ́: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa ké." Èyí ní:

"Ọ̀gá, ẹ bá mi pa ohùn rẹ̀."

"Kí n dín in kù, àbí?"

"Rárá o. Kó dákẹ́ pátápátá. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní Igbemo."

Mo ní kí ló ṣe é ní Igbemo. Ó wolẹ̀. Ó ní ìlú òun ni. "Bí ẹnìkan ṣoṣo bá dá mi mọ̀ níbẹ̀, ilé mi tú nìyẹn." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ogún ni, àbí ti ilẹ̀. Ẹbí ta ni kò ní tiẹ̀? N kò bi í mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló là á yé mi. Fúnkẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù keje. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ tòun ti ikùn. Mo ní, "Dìde, jọ̀ọ́, ìyàwó, kí wọ́n má rò pé mo bú ọ." Ìjọba ti gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Igbemo, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Oyún tó ní ṣáájú èyí, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú tí ó fi bàjẹ́. Láti ìgbà náà, ọkọ rẹ̀ ti búra pé ìyàwó òun kò ní gun ọ̀kadà mọ́, òun fúnra òun ni yóò máa gbé e lọ, gbé e bọ̀.

"Ọkọ mi dára, Bàbá. Kò nà mí rí, kò bú mi rí. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n bá dá òun mọ̀ ní Igbemo, òun á lọ, òun ò sì ní lè padà. Ó ń sọ ọ́ bíi pé kì í ṣe òun ló máa pinnu ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ dákun, ẹ ṣe é kó dákẹ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Mo gbé ọkọ̀ náà sókè, mo gé sàlẹ́ńsà àtijọ́ kúrò, mo là á sí méjì. Yẹ̀pẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe ìpẹtà o, yẹ̀pẹ̀ pupa tútù ni, ó kì pọ̀ gbagidi, gbòǹgbò koríko sì ti ta kókó nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Bí páìpù bá dí báyìí, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀ ni. Èyí sì ti ń ké káàkiri ìgboro. Mo pe Ọláyíwọlá kó wá wò ó.

"Ẹ dà á nù, Ọ̀gá," ló sọ, bí ẹni tó wà lẹ́bàá aláìsàn. Mo dà á nù.

Mo ti ṣe sàlẹ́ńsà púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ṣe irú èyí rí. Mo rọ iyanrìn gbígbẹ sínú páìpù tuntun, kí ara rẹ̀ má baà rún wọnú nígbà tí mo bá ń fi iná tẹ̀ ẹ́. Mo ṣe àgbá méjì níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe ẹyọ kan. Mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí páìpù inú, mo fi òwú irin wé e nípọn, mo sì yí ọ̀nà atẹ́gùn síwá sẹ́yìn kí ariwo má baà rí ibi gbà jáde. Nígbà tí Ọláyíwọlá ṣáná sí ọkọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó tún un ṣe.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gá."

Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Kí n má purọ́, inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Fúnkẹ́mi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá wọn lọ. Bí mo bá ṣe sàlẹ́ńsà tuntun, mo máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ gun òkè, nítorí bí ibì kan bá ń jò, orí òkè la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn Sẹ́líkà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó àgbàlagbà sí. Orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi ni. Fúnkẹ́mi wà níwájú, ó gbé báàgì lé itan. Ọláyíwọlá fa fìlà bojú. A gun òkè, a sọ̀ ọ́, a ò gbọ́ ju táyà tó ń yí lórí ọ̀dà lọ. Bí a ti ń súnmọ́ Igbemo, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí gba inú ọkọ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀rùn la sì wà.

"Ẹ ò rí i?" ni Fúnkẹ́mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó bojú wo ẹ̀yìn."

Lóòótọ́ ni. Àwọn tó ń lọ sóko kò tilẹ̀ yà fún wa. Ọláyíwọlá ló ń yà fún wọn.

A ti ń rí ògiri ilé-ìwé lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ìyá arúgbó kan dìde lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá títì. Ó dẹ etí sí òkè, ó dẹ etí sí ìsàlẹ̀. Kò wo ibì kankan, torí ojú rẹ̀ ti funfun. Etí ló fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Kò gbọ́ ọkọ̀ kankan, ó sì bọ́ sójú títì, níwájú wa gan-an.

Ọláyíwọlá tẹ bíréèkì, ó yí ọkọ̀ sínú koríko. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ìyá mi! Ẹ kúrò lọ́nà!"

Ìyá náà dúró. Ẹ̀rù kò bà á. Ó yí ojú funfun yẹn sí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọláyíwọlá," ló sọ, jẹ́jẹ́. "O mà dé."

Mo wo àga awakọ̀. Fìlà wà lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì ṣì wà ní dídè kọjá àga náà, kò sí èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Fúnkẹ́mi ń fọwọ́ tá àga náà bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti yọ. Kò ké. Ohun tó ń tún sọ kò ju pé, "Ẹ dà? Ọkọ mi, ẹ dà?" N kò lè sọ bí a ṣe jáde. Mo kàn rí i pé mo dúró nínú koríko, tí Fúnkẹ́mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú báàgì rẹ̀, tí kò sì sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

Bámgbóyè, àkọ́bí ìyá náà, ló sáré jáde láti inú ilé tó wà lẹ́yìn bẹ́ńṣì. Nígbà tó gbọ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àbúrò òun ni Ọláyíwọlá, pé ó ti kú láti ọdún bíi mélòó kan, nínú ọkọ̀ pupa, lójú ọ̀nà yìí kan náà, nígbà tó ń bọ̀ wá kí ìyá wọn.

"Àwa la sin ín, Bàbá. Ọwọ́ mi yìí wà níbẹ̀. Àkúdàáyà lẹ bá rìn. Ó kú níbí, ó sì lọ ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Wọn kò jẹ́ kí ìyá náà dé ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù, lórí ìdúró: "Ojú mi ṣì ń ríran nígbà náà. Ọkọ̀ tó fọ́ ni wọ́n fi hàn mí, wọn ò fi sàréè hàn mí. Ọmọ tí n ò rí sàréè rẹ̀, ṣé n ò ní máa retí ẹ̀ ni?" Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń dẹ etí sí ohùn ọkọ̀ rẹ̀.

Fúnkẹ́mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ọkọ mi kì í ṣòkú," ló wí. "Ó jẹ iṣu láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo sè é."

Bámgbóyè mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Sẹ́líkà pupa wà níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, àbí ohun tó kù nínú rẹ̀. Ó ti rì dé ilẹ̀kùn, koríko ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ìdí rẹ̀. Sàlẹ́ńsà mi wà níbẹ̀: àgbá méjì, ojú ibi tí mo fi iná jó o pọ̀, tí n kò lè ṣì mọ̀, kò tíì dógùn-ún rárá. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná, ó bó awọ ìka mi. Háà! Mo dìde, mo sì sọ fún Bámgbóyè pé kó bo ilẹ̀ náà padà.

Nígbà tí a padà síwájú ilé, ìyá náà ní, "Mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tó. Ẹ sìn mí dé ulé." Ó wọlé lọ, kò sì jókòó sójú títì mọ́ láti ọjọ́ náà. Fúnkẹ́mi ló jókòó sórí bẹ́ńṣì náà. Mo ní ká padà sí Adó, ó kọ̀.

Ó bímọ ní Igbemo, ọkùnrin. Yàrá kan ni Bámgbóyè fún un nínú ilé. Ó ń kọ́ni láàárọ̀, bí ilé-ìwé bá sì ti parí, ó ń bọ̀ wá sójú títì. Mo lọ kí wọn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, mo sì rí i bó ṣe rù. Ìyá àgbà lè tòògbé lórí bẹ́ńṣì yẹn nígbà tirẹ̀, torí etí ló fi ń retí. Fúnkẹ́mi kò lè tòògbé. Ó mọ̀ pé bó bá dé, kò ní dún. Bí mo ti ń kí i, kò yíjú kúrò lójú ọ̀nà.

"Bàbá," ló wí, "ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ẹ máa wo ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ jí mi, kí n pè é kó tó kọjá."

Ó na ẹ̀yìn sórí ẹní tí ọmọ wà, lẹ́yìn bẹ́ńṣì, oorun sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó, mò ń wo ọ̀nà. Ó ṣe díẹ̀, ewé gbígbẹ ojú títì bẹ̀rẹ̀ sí yà sọ́tùn-ún sósì, bí wọ́n ṣe ń yà fún táyà. Kò sí atẹ́gùn, kò sí ariwo. Ohun tó ń bọ̀ náà yà kúrò lójú títì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, òórùn ilẹ̀ tútù gba imú mi, ó sì dúró síbi ẹní. Ọmọ náà la ojú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo rántí ohun tó ní yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá dá òun mọ̀, mo sì yíjú sí ọ̀nà ilé-ìwé. N kò jí Fúnkẹ́mi, n kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni.