Kòkòrò Inú Ìtàn

"Ó ti kú! Mo ní ọkùnrin yẹn ti kú, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe gbé òkú rẹ̀ jù nù!"

Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà Makun dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé géèmù, wọ́n ń wòye ilé ẹni tí òfò ṣẹ̀. Òfò kankan ò ṣẹ̀. Hàmdálátù, ọmọ Àlàájì Sàláwù olóbì, ló wá gba fóònù tó fi síbẹ̀ fún ṣáàjì, tí ojú rẹ̀ sì ṣèèṣì lọ sára tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin yìí kì í rí irọ́ kó pa ojú dé. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹnu rẹ̀ a sì máa yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tó ń bá jà kò tilẹ̀ dìde. Ridwanullah lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilé Bánkọ́lé ní Ẹ̀pẹ́, òun ló ni ilé géèmù náà. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní ẹ̀rín kan tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo yọ, bí ẹni tó fi ìyókù pamọ́ dọ̀la. Ó kàn ń wo ọmọbìnrin náà bí àgbẹ̀ ṣe ń wo òjò àkọ́rọ̀.

Ẹ̀yìn Oòrùn ni wọ́n ń pe géèmù náà ládùúgbò yẹn. Ìtàn àwọn èèyàn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ tẹ̀dó sí ayé mìíràn ni, ó sì ti jáde ní apá mẹ́ta. Ní apá kìíní, ọ̀gágun Dárò jóná mọ́ inú ọkọ̀, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ sí òfuurufú. Ní apá kẹta, Dárò kan náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń mu tíì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé níbo lo ti ń bọ̀.

"Àwọn tó ṣe é ló gbàgbé pé àwọn ti pa á," ni Hàmdálátù wí. "Wọ́n ti sọ wá di dìndìnrìn."

"Wọn ò gbàgbé, sístà mi. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n jù nù. Ṣebí ẹ rí dókítà tó ń ṣe ẹ̀dà ní apá kejì?"

"Ẹ̀dà eku ló ń ṣe."

"Eku ló fi bẹ̀rẹ̀."

Àwọn ọmọ géèmù bú sẹ́rìn-ín. Hàmdálátù já fóònù rẹ̀ gbà, ó fi ìbínú jáde, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù kejì tí èsì fi wá sí i lẹ́nu. Ó padà. Pípadà yẹn ló kó bá a, nítorí Ridwanullah ti fa àga sílẹ̀ dè é.

Láti ìgbà náà, iná ń bẹ nílé Àlàájì, fóònù Hàmdálátù ṣáà ń kú, ó sì ń gbé e lọ sílé géèmù.

Lọ́jọ́ tí kò bá ráyè lọ, orí Wásáàpù ni wọ́n ti ń jà. Á kọ̀wé pé òṣùpá kan ṣoṣo ló wà lókè ayé tuntun yẹn ní apá kìíní, báwo ló ṣe di méjì ní apá kejì? Ridwanullah á fèsì pé ìyàwó tuntun ni ìkejì, ojú ló ń tì í tí kò fi yọjú láti ìbẹ̀rẹ̀. Hàmdálátù á rẹ́rìn-ín láàárín àwọn obìnrin tó ń bá bàbá rẹ̀ ṣa obì, àwọn yẹn á wo ara wọn, wọ́n á mi orí. Nígbà tó wá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ìyá kan wà ní apá kẹta tó kéré lọ́jọ́ orí sí ọmọ tó bí ní apá kejì, Ridwanullah lọ tún apá kejì wò látìbẹ̀rẹ̀. Èsì tó padà wá ni pé: "Èyí le. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ ẹja yíyan ní Interchange, bóyá á yé mi níbẹ̀."

Kò yé e níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jókòó létí títì márosẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn tírélà ń kọjá, "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ yí i padà. Ridwanullah bi í pé kí ló dé tí kò lè fi ọ̀rọ̀ tó wọ́ sílẹ̀ kó máa wọ́ lọ.

"Iṣẹ́ ilé wa ni," ó ní. "Obì tí kòkòrò bá ti wọ̀, a kì í dì í mọ́ ìyókù. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ba odidi agbọ̀n jẹ́."

"Télọ̀ ni bàbá tèmi. Aṣọ tó bá ya, lílẹ̀ là ń lẹ̀ ẹ́."

"Ká wá máa lẹ irọ́?"

"Ká máa lẹ ohun tá a bá fẹ́ràn, Dálátù mi."

Hàmdálátù ṣa egungun kúrò nínú ẹja tó wà níwájú rẹ̀, ó sì tì í sí iwájú Ridwanullah.

Ọ̀dọ̀ Àlàájì ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Bó ṣe gbọ́ pé ilé Bánkọ́lé ni ọmọ náà ti wá, ó ṣí fìlà lórí. Ó ní bàbá òun àti bàbá àgbà Ridwanullah ló jọ ń fi obì ránṣẹ́ sí Kánò nígbà ayé wọn, àfi ìgbà tí Bánkọ́lé jẹ́ kí òjò pa ẹrù obì kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹrà. Láti ọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́ títí ikú fi dé, ilé méjèèjì ò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn.

Hàmdálátù bẹ Àǹtí Hussainat, àbúrò ìyá rẹ̀, pé kó bá òun bẹ bàbá. Àlàájì tún ìtàn náà sọ fún un: lọ́tẹ̀ yìí, ọyẹ́ ló mú obì, nítorí Bánkọ́lé ò fi ewé tútù bò ó, ó gan bí òkúta. Láti ọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, níwájú àwọn obìnrin tó ń ṣa obì, Àlàájì ní obì náà gúnlẹ̀ sí Kánò láìsí àbùkù, Bánkọ́lé ló tà á tán tí kò délé sọ. Láti ọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́.

Hàmdálátù ò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, obì tó jẹrà lójò, tó tún gan lọ́yẹ́, ni ẹnìkan tún rí tà?"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ìborùn bo ẹnu. Àlàájì kò bínú; ìbá sàn kó bínú. Ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa, ó gbé àga rẹ̀ wọ yàrá. Láti ìrọ̀lẹ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ Ẹ̀pẹ́ létí rẹ̀, kì í dáhùn.

Tẹkúntẹkún ni Hàmdálátù fi lọ bá Ridwanullah. Ó ní òtítọ́ lòun sọ. Ridwanullah gbà pé òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní níwájú àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti sọ ọ́.

"Ìtàn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nìyẹn, Dálátù. O gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, o ò sì fún un ní òmíràn."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, Ridwanullah wọ bùbá funfun, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì níta, níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì. Àwọn obìnrin dá ọwọ́ dúró. Àlàájì bi í bóyá ilé wọn ò ní àgbà ni, tí òun fúnra rẹ̀ fi wá tọrọ aya.

"Mi ò wá tọrọ aya, Bàbá. Ìtàn bàbá bàbá mi ni mo wá gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nílé wa mọ́, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù sí."

Kò sẹ́ni tó bi Àlàájì nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kó dìde. Ó sọ ti òjò, ó sọ ti ọyẹ́, ó sọ ti ẹni tó tà á tán tí kò délé sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́, òun náà ń gbọ́ bí wọn ò ṣe bára mu, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀.

"Bàbá," ni Ridwanullah wí jẹ́jẹ́, "bóyá ẹrù mẹ́ta ni. Òjò pa ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún gbìyànjú, ọyẹ́ mú ìkejì. Ìkẹta ló gúnlẹ̀ ire, bàbá bàbá mi sì tà á láti fi dí àdánù tó ṣáájú, ojú wá ń tì í láti padà wá ṣàlàyé. Bàbá yín ò purọ́ fún yín. Ìtàn mẹ́ta ni wọ́n sọ, ọmọdé lẹ̀yin jẹ́ nígbà náà, ó wá papọ̀ di ọ̀kan."

Àlàájì fọwọ́ nu ojú, ó wo ọmọkùnrin náà títí, ó wá kọjú sí Hàmdálátù.

"Ìwọ tí kòkòrò kì í pamọ́ fún," ó ní, "o gbọ́ ohun tó sọ. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, wí i níwájú gbogbo wa, kó máa lọ sílé rẹ̀. Bí kò bá sí, kó lọ sọ fún àwọn àgbà ilé Bánkọ́lé pé mò ń retí wọn."

Hàmdálátù ti rí i. Kí Ridwanullah tó pa ẹnu dé ló ti rí i: àwọn méjì tí kò kí ara wọn mọ́ láti ọjọ́ ẹrù àkọ́kọ́, báwo ni wọ́n ṣe jọ di ẹrù kejì? Tírélà á gba ihò ibẹ̀ kọjá. Ridwanullah mọ̀, kò gbé ojú sókè. Àlàájì náà mọ̀, ó ń wò ó.

"Kò sí kòkòrò níbẹ̀, Bàbá."