Ìpele Kẹta Lórí Àpáta

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àlá ni mo lá. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀kà, ojú mi sì là kedere.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò ọ́gáníìkì kẹ́mísìrì nìyẹn. Tí mo bá tún fìdí rẹmi, yunifásítì á ní kí n máa lọ sílé. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ń kàwé. Mo ń kà á bí ẹni tó fẹ́ ya wèrè! Wọ́n á ní ká fi ọfà kéékèèké ṣàfihàn bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kúrò lára èyí bọ́ sára ìyẹn, láti ìpele dé ìpele, títí nǹkan tuntun á fi jáde. Tí mo bá ti dé ìpele kẹta, orí mi á dàrú.

Ìwé mi ti kún, torí náà orí àpáta tí ìyá mi ń sá láfún sí ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo kọ ìpele méjì, kò tún lọ mọ́. Mo fi ìbínú ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo wọlé lọ ṣe àlùwàlá. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ ṣàdédé dá. Àwọn adìẹ dákẹ́. Mo wá gbọ́ ọ. Nǹkan kan ń ha àpáta. Díẹ̀díẹ̀.

Mo pe ìyá mi. Ìgbà tí mo pè é tán ni mo rántí pé ó ti lọ sọ́jà Ìkàrẹ́ láti àárọ̀.

Mo sáré jáde. Kò sẹ́nì kan. Ìpele kẹta wà níbẹ̀, ìkẹrin náà wà níbẹ̀, tọfàtọfà. Ṣọ́ọ̀kì mi ti kúrú. Nígbà tí mo mú un, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Al-Ameen, ẹni tó mọ̀wé jù ní kíláàsì wa. Ó pè mí.

"Wàláhì, ó pé. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́nì kan."

"Kí ló dé tí ọfà kejì fi yíjú padà?"

N kò mọ̀. Inú bí mi gan-an. Irú ìrànlọ́wọ́ wo ni wọ́n ń ṣe fúnni tí wọn ò ní sọ ìdí?

Síbẹ̀, mi ò kọ̀ ọ́. Lójoojúmọ́, màá kọ ìpele méjì, màá wọlé, màá fọwọ́ di etí. Màá wá jáde kọ́ ìyókù sórí. Ìbéèrè mẹ́ta nínú ìdánwò náà ni mo ti rí lórí àpáta.

Nígbà tí èsì jáde, mo yege. Ìyá mi pa adìẹ.

"Alhamdulillahi! Wọn ò lè lé Nusrat mi mọ́!"

Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹ ẹran náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé omi lọ fọ àpáta. Iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìpele méjì péré. Wọ́n ti kọ ìkẹta, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n ti tún un kọ, wọ́n ti tún pa á rẹ́, títí ojú àpáta fi funfun báláú. Ṣọ́ọ̀kì tí a fọ́ mọ́lẹ̀ kún ibẹ̀. Odidi kan, tí kì í ṣe tèmi, wà níbi tí mo máa ń jókòó sí, bí ẹni pé èmi ló kàn láti parí rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá rèé. Mo ti ṣí gbogbo ìwé tí mo ní. Lánàá, mo sọ ọ́ sókè, èmi nìkan:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ ọ́n rí."

Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìpele kẹta ṣì ṣófo, odidi ṣọ́ọ̀kì mìíràn sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́.