Kẹ̀kẹ́ Tó Dúró Lórí Ẹsẹ̀ Rẹ̀

"Pọ́ọ̀-pọ́ọ̀! Pọ́ọ̀-pọ́ọ̀!"

Ẹni tó bá ṣì ń sùn lábúlé yẹn lẹ́yìn tí fèrè yìí bá ti dún, a jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá ni. Baba Búrẹ́dì ló ń bọ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń ta búrẹ́dì láti ilé dé ilé, fèrè rọ́bà kan sì wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ náà tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n jí oúnjẹ rẹ̀ kó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló gbé Baba Búrẹ́dì, Baba Búrẹ́dì ló ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ó ń tì í, ó ń làágùn, ó ṣì ń fọn fèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi," ló fi kí ọmọbìnrin tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi àkísà nu ṣéènì.

Ọmọ Baba Oníkẹ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin yìí. Kíláàsì àṣejáde ló wà nílé ìwé, àmọ́ tó bá ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù báyìí, gíríìsì ni ìpara rẹ̀. Baba Búrẹ́dì ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá, gbogbo abúlé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Baba. Kí ló tún ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ iwájú ń jó. Mo ní kó lọ tààrà, ó ní ijó ló wu òun. Àgbà bíi tèmi, mo wá ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú títì. Ìyàwó pásítọ̀ tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo mu láàárọ̀ yìí."

Baba Oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín láti inú ṣọ́ọ̀bù. "Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ijó á ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju yàrá kan lọ, páànù lórí, ìbòrí kékeré níwájú. Táyà ògbólógbòó kọ́ sára ògiri, àwọn sípánà tò láti orí ńlá dé orí kékeré bí ọmọ ilé ìwé tó ń tò lórí ìlà, abọ́ omi kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ń wá ojú ibi tí tiúùbù ti jò. Ẹ ò ní rí pátákó kankan níbẹ̀. Òfin kan ló wà, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ tó bá dorí kodò, tó fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ tẹlẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, ó ti yá. Gùn ún lọ.

O ò ní láti dúró de Baba Oníkẹ̀kẹ́. Ó lè wà nílé, ó lè wà lóko, ìlẹ̀kùn lè wà ní títì. Ìwọ ṣáà ti mú kẹ̀kẹ́ rẹ. Ẹ̀yin á ní olè ńkọ́? Olè wo? Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé mọ olówó rẹ̀, kí olè tó gùn ún dé etí títì, gbogbo ojúlé tó bá kọjá ni wọ́n á ti máa bi í pé báwo ni baba tó ni ín. Ìdí tí òfin yìí fi rọrùn ni pé Baba Oníkẹ̀kẹ́ kì í gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ ìbòrí láé àfi tó bá ti fúnra rẹ̀ gùn ún dé ìdí kànga, tó sì gùn ún padà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ṣé ó dá a lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá tún sípóòkì ẹsẹ̀ iwájú yẹn ṣe, ó gbé e sáyè rẹ̀, ó fi ìka lásán yí nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di ẹsẹ̀ náà mú sí i, ó sì ta á kó yí. Ó ṣì ń jó díẹ̀. Kò fi sípánà fún nọ́ọ̀tì náà, torí ẹsẹ̀ yẹn ṣì máa jáde. Ta ló ń fún nǹkan tó tún fẹ́ tú? Ibẹ̀ ló wà tí ọkọ̀ aládùúgbò kan tó ń lọ sí ìlú fi fọn fèrè. Bàbá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òun dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, nítorí ọjọ́ mẹ́ta yìí, ojú rẹ̀ ọ̀tún ń ṣú. Ó sáré nu ọwọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ilé pé, "Ìyókù dọwọ́ ẹ o," ó sì kó sọ́kọ̀.

Ọmọbìnrin yìí jáde síta. Kẹ̀kẹ́ Baba Búrẹ́dì wà ní ìdorí kodò. Ó mú kọ́kọ́rọ́ sípóòkì, ó jókòó tì í. Kò tíì fún sípóòkì méjì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi yọ. Aláriwo ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ yìí, ó sì ń sa gbogbo ipá rẹ̀ kí orúkọ náà má bàa já sí irọ́.

"O ṣì jókòó? Wọ́n ti ń yan àwọn tó máa gun kẹ̀kẹ́ fún ilé ìwé wa! Wọ́n ti gbé e wá sí òní. Tíṣà ní ẹni tí òun ò bá rí lórí pápá, kó lọ máa ṣe eré tiẹ̀ lójú àlá."

Ọkàn ọmọbìnrin náà fò. Àtìgbà tó ti wọ ilé ìwé náà ló ti ń retí eré kẹ̀kẹ́ yìí.

"Mo ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́."

"Iṣẹ́ wo? Kẹ̀kẹ́ tó ti ní ẹsẹ̀ méjì. Kí ló kù, ìyẹ́?"

"Ẹsẹ̀ yìí ṣì ń jó. Mi ò tíì fún nọ́ọ̀tì, mi ò sì tíì gùn ún."

"Tá a bá dé, o ò ní ṣe é ni? Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kí baba yẹn wá. Dìde jàre."

Ó dìde. Lóòótọ́, kò sí ohun tó burú nínú kó dìde. Ká ní ó fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ìtàn mi ì bá ti parí síbí, ẹ̀yin náà ì bá sì ti máa lọ sídìí iṣẹ́ àṣetiléwá yín. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bàbá òun lè tètè dé. Kẹ̀kẹ́ tó dorí kodò, kódà ojú tó ń ṣú á rí i láti inú ọkọ̀. Bàbá á ní, "Ọ̀gá, ibo lo lọ?" Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó wá gbá ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mú, ó dá a dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sábẹ́ ìbòrí láàárín àwọn tó ti yá.

"Mi ò ní pẹ́," ló sọ fún kẹ̀kẹ́ náà, àfi bíi pé ó ń gbọ́.

Lórí pápá, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa débi pé tíṣà gbàgbé láti fọn fèrè ìparí. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú, Aláriwo pariwo títí ohùn fi lọ, àwọn méjèèjì sì ń tẹ pẹ́dàlì bọ̀ nílé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sídìí afárá, wọ́n rí búrẹ́dì kan láàárín títì.

"Ta ló ń sọ búrẹ́dì nù?" ni Aláriwo wí.

Wọ́n rí òmíràn. Wọ́n rí ewúrẹ́ tó ń jẹ òmíràn pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àwọn èèyàn. Baba Búrẹ́dì wà nílẹ̀ nínú koríko, ó fi ọwọ́ kan gbá apá kejì mú, ó ń kérora. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lọ dúró jìnnà sí wọn, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún létí odò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé kan gbàlejò, wọ́n ń fẹ́ búrẹ́dì kíá, kò lè dúró dìrọ̀lẹ́ mọ́. Baba Búrẹ́dì wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó gùn ún lọ.

Bàbá ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú oògùn ojú lápò. Ẹnì kan ti bá a he ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì náà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé nọ́ọ̀tì náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Ọ̀gá. Ṣé ìdorí kodò ni mo fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀ nígbà tí mò ń lọ?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ó kù kó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde yàtọ̀.

"Nígbà tí mo máa fi jáde, ó ti wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, Bàbá. Mo rò pé ẹ ti parí ẹ̀ ni."

Bàbá gbé nọ́ọ̀tì náà sún mọ́ ojú. Ó gbé ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó wo nọ́ọ̀tì náà, ó gbé e bo tòsì, ó tún wò ó.

"A jẹ́ pé èmi ni," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo ẹni tó ti bá tún kẹ̀kẹ́ ṣe rí ló ń bẹ̀, tó ń sọ fún wọn pé ojú òun ti ń tan òun, kí wọ́n yẹ kẹ̀kẹ́ wọn wò. Tó bá ti rìn dé, ọmọ rẹ̀ a bu omi fún un. Àwọn èèyàn ò bá a jà. Wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ ni, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí ìlú. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó lè fi etí mọ sípóòkì tó dẹ̀ wá di ẹni tí kò lè fẹ́ táyà láìpe ẹlẹ́rìí.

"Wá bá mi wò ó, Ọ̀gá. Ṣé ó fún?"

"Ó fún, Bàbá."

"Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó." Kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, bàbá yọ fèrè rọ́bà yẹn kúrò lára kẹ̀kẹ́ tó bà jẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó ní kí ọmọ òun gbé e lọ fún Baba Búrẹ́dì. Ọmọbìnrin náà bá a lórí àga, wọ́n ti di apá rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn.

"Ọ̀gá mi. O mú un wá? Tí mo bá fọn ún nínú ilé yìí, ìyàwó mi á ní kí n lọ máa gbé lójú títì." Ó fọn ún lẹ́ẹ̀kan. Pọ́ọ̀. Ó gbé e sílẹ̀. "Dókítà ní apá yìí ò ní ká dáadáa mọ́. Kẹ̀kẹ́ ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n sọ fún bàbá ẹ pé mi ò bínú sí i. Kó má dá ara ẹ̀ lẹ́bi nítorí ojú ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Kì í ṣe ojú wọn, Baba. Èmi ni mo gbé kẹ̀kẹ́ yẹn dúró láìtíì parí ẹ̀." Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tó pa.

Baba Búrẹ́dì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti fèrè náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "O ti sọ fún mi. Ó kù kó o sọ fún bàbá ẹ, òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Máa lọ."

Bàbá wà lórí àpótí rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ fún un. Kò lù ú, kò sì pariwo. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Ní gbogbo ìgbà tí mò ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń bẹ àwọn èèyàn, ìwọ náà lò ń bu omi fún mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Gbogbo ilé tí mo dé, wàá dé ibẹ̀. Lọ́la."

Ọ̀la yẹn gan-an ni ọjọ́ eré kẹ̀kẹ́. Ó ń kan ìlẹ̀kùn, ó ń kúnlẹ̀, ó ń sọ pé, "Kì í ṣe ojú bàbá mi, èmi ni." Ó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń hó lórí pápá. Ohùn Aláriwo ò sí níbẹ̀, torí Aláriwo ń tẹ̀ lé e láti ilé dé ilé, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn nìkan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré.

Bàbá ti padà sídìí iṣẹ́. Oògùn ojú ń ṣiṣẹ́. Ó dárí ji ọmọ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ títí kò fi sí kẹ̀kẹ́ tó lè dójú tì í mọ́. Ọmọbìnrin náà ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí. Baba Búrẹ́dì ò ta búrẹ́dì mọ́. Ọlọ́kadà kan ló ń gbé búrẹ́dì wá láti ìlú, kì í sì í kí ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ọmọbìnrin náà máa ń jí láàárọ̀, a máa fetí sílẹ̀ de fèrè tí kò ní dún.

Òfin ṣọ́ọ̀bù ṣì wà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà kan wá mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó rí i tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gùn ún. Ó wò yí ká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka yí nọ́ọ̀tì wò. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin náà, ojú sì tì í.

"Má bínú o, Ọ̀gá."

"Rárá, sà. Ẹ gba sípánà, kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ tá a fi sílẹ̀ láìparí, a ṣì lè padà sídìí ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tá a bá ti ṣe é bíi pé ó parí, ẹlòmíràn ló máa gùn ún ṣubú. Wọ́n lè dárí jì wá o. Síbẹ̀, wọ́n á ṣì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nọ́ọ̀tì.