Ìgò Kékeré Ẹ̀yìn Ìkòkò Ìrẹsì

Moyna fi ojú kan mọ́ ihò ara ògiri ọparun, ó sì rọra ń mí. Nínú yàrá, Hasna, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó máa ń pè ní Bhabi, gbé Tutul lé itan. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá yọ ìgò kékeré kan láti abẹ́ aṣọ. Ó kán ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ihò imú ọmọ náà méjèèjì. Ó dúró díẹ̀. Ó fún rọ́bà roboto kan pọ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹnu rọ́bà náà kan etí ihò imú ọmọ, ó sì rọra tú ọwọ́ sílẹ̀. Tutul sín.

"Mo gbé!" ni Moyna wí nínú ara rẹ̀. "Kí lobìnrin yìí ń fà jáde lára ọmọ wa?"

Hasna kọ́ ló bí Tutul. Rina, ẹ̀gbọ́n Moyna obìnrin, ló bí i. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Dhaka ni Rina wà, ó sì gbé ọmọ oṣù márùn-ún náà ti ìyá wọn nílé. Hasna ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Ní abúlé wa, ìyẹn nìkan ti tó kí wọ́n máa ṣọ́ ènìyàn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bó bá ti sún mọ́ ọmọ báyìí, Amma, ìyá Moyna, á sáré mú tìróò, á tún tọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ iwájú orí ọmọ kí ojú burúkú má bàa mú un. Nígbà mìíràn, orí Tutul á dúdú bí ìdí ìkòkò. Hasna ń rí gbogbo rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ rí.

Òtútù mú gan-an lọ́dún yẹn, ọ̀fìnkìn sì di imú Tutul pa. Ó ń hanrun bí àgbàlagbà. Bó bá mu wàrà díẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á figbe ta, nítorí kò rí ibi mí.

Moyna sáré bá Amma nídìí ààrò.

"Amma, Bhabi ń kán nǹkan sí Tutul nímú!"

"Kí lo wí?"

"Ojú mi báyìí ló ṣe é. Ó ń gbé ìgò kiri lábẹ́ aṣọ."

"Mo mọ̀! Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti pọ̀ jù. Lọ wá ìgò náà jáde fún mi."

Ẹ̀yìn ìkòkò ìrẹsì ni Moyna ti rí i. Omi ni, ó mọ́ gaara. Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ni, Amma. Omi iyọ̀!"

"Iyọ̀? Ọmọ ọwọ́ ti wá di ẹja?" Amma gba ìgò, ó da omi inú rẹ̀ sínú eérú. "Jẹ́ kí n lọ lọ ìrẹsì yìí níbi ẹ̀rọ kí n dé, èmi àti ẹ̀ ni. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ. Bó bá ń ké, yá òróró mọ́sítádì pẹ̀lú aáyù níná, kó o kán an sí i nímú. Òun náà la kán sí tìrẹ, ṣé o kú ni?"

Amma gba Tutul lọ́wọ́ Hasna, ó gbé e fún Moyna, ó sì jáde. Kò tíì jìnnà tí Tutul bẹ̀rẹ̀ igbe. Hasna dé ẹnu ọ̀nà.

"Moyna, jọ̀ọ́, gbé e fún mi díẹ̀. Ebi ló ń pa á, imú ni kò jẹ́ kó mu wàrà."

"Amma ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń ṣe fún ọ."

"Ẹ lọ ṣàlàyé fún Amma!"

Moyna ti ilẹ̀kùn, ó sì fi igi há a. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé bí Hasna bá ti gbé ọmọ wọ yàrá fún ìgbà díẹ̀, Tutul máa ń mu wàrà rẹ̀ tán, á sì sùn. Ó rántí rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu pé ènìyàn kan burú, oore onítọ̀hún gan-an á máa fu ú lára. Ó bu òróró sínú ṣíbí, ó yá a lórí iná àtùpà, ó gbé orí ọmọ sẹ́yìn, ó sì dà á sí i nímú.

Igbe Tutul dá wáí. Ó ya ẹnu, kò sí ohùn. Ètè rẹ̀ ń dúdú.

"Bhabi! Bhabi o, ẹ gbà mí!"

Moyna ò tètè rí igi ẹnu ọ̀nà yọ. Bó ti ṣí i, Hasna gba ọmọ, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá rẹ̀, ó sì ń gbá a láàárín èjìká. Òróró àti ikun ya jáde. Tutul wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì ké. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń dún. Hasna ò dúró wọ bàtà. Wọ́n fò sórí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ó di ilé ìwòsàn. Amma gbọ́ lọ́nà, ó sì sáré bá wọn níbẹ̀.

"Ta ló da òróró sí ọmọ yìí nímú?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè.

Amma nawọ́ sí Hasna. "Ẹ bi obìnrin yìí! Òun ló ń kán nǹkan sí i nímú níkọ̀kọ̀."

Hasna wolẹ̀. Moyna wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí ẹrẹ̀ lára rẹ̀, ojú sì tì í gidigidi. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á parí sórí Hasna, kò sí ẹni tó máa bi òun ní ohunkóhun.

"Èmi ni," ló wí. "Bhabi ò mọ̀ sí i. Mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ẹ má da òróró sí imú ọmọ mọ́ láé. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Kí ni ti ìkọ̀kọ̀ yẹn?"

"Omi tí mo sè, tí mo jẹ́ kó tutù," ni Hasna dáhùn. "Iyọ̀ tí kò tó ìdajì ṣíbí tíì ni mò ń fi sí kọ́ọ̀bù kan. Àràárọ̀ ni mò ń po tuntun. Mo máa ń kán díẹ̀ kó tó mu wàrà, kí ikun lè rọ̀, màá wá fi rọ́bà rọra fà á. Mo sì máa ń fi ọṣẹ fọ rọ́bà náà."

"Ó dára gan-an. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni. Bí mo bá wá síbí nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ tí mò ń wá, mo máa ń jókòó lẹ́yìn, mo ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ."

Amma yíjú sí Hasna.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Amma, ṣé ẹ bi mí rí?"

Ilé ìwòsàn dá Tutul dúró títí àyà rẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n padà délé, imú rẹ̀ tún fẹ́ dí. Amma fúnra rẹ̀ ló se omi, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó jẹ́ kó tutù, ó ní kí Moyna lọ pe Hasna. Gbangba ìta, nínú oòrùn òwúrọ̀, ni Hasna ti ṣe iṣẹ́ náà, Moyna sì di orí ọmọ mú. Tutul mu wàrà rẹ̀ tán.

Amma wá ṣí ìgò tìróò. Bí iṣe rẹ̀, Hasna gbé ọmọ fún un, ó sún sẹ́yìn. Amma kò wo ọmọ. Ó fa Hasna mọ́ra, ó sì tọ́ tìróò náà sí i lẹ́yìn etí.

"Kí ojú ayé má bàa mú ìwọ náà, ọmọ mi."

Hasna bú sẹ́kún, Moyna náà sì ń sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun tí ẹnì kan ń ṣe bá ń fu yín lára, ẹ bi onítọ̀hún kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Ìbéèrè kan péré ni ilé yẹn nílò, àìbéèrè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Tutul.