Ta Ló Gé Àwòrán Ogun Ojú Omi?

Férémù ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ṣófo. Ọkọ̀ onígbòkun mọ́kànlá tó ń yìnbọn àgbá lu ara wọn lójú òkun, èéfín, ìgbì, àwọn atukọ̀ tó di pátákó mú nínú omi, gbogbo rẹ̀ pátá lẹnìkan ti fi ọ̀bẹ gé lọ. Ìwọ̀n ìka kan péré ló kù lára rẹ̀ létí férémù yípo.

"Ọlọ́dẹ ni," ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wí. "Ìlẹ̀kùn ò já, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Má-kánjú ti bá ìyàwó ọlọ́dẹ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lẹ́yìn, omijé lójú. Ó yíjú sí ọ̀gá.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Mẹ́ta. Ti ọlọ́dẹ, tèmi, àti ti Bàbá Alátùn-únṣe tó ń bá wa tún àwòrán tó ti gbó ṣe. Èmi ti rìnrìn àjò, àárọ̀ yìí ni mo dé. Onímọ̀ àwòrán kan sì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la! Ẹ wo ìtìjú!"

"Ta ló mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Mo kọ lẹ́tà sí yàrá àtúnṣe. Kò sẹ́lòmíì."

"Àwòrán náà ti tó ọdún mélòó?"

"Ó lé ní igba. Oṣù kan sẹ́yìn ló ti yàrá àtúnṣe dé."

Má-kánjú gun àkàbà. Ó fi èékánná tẹ ọ̀dà tó kù létí férémù. Èékánná wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ ọṣẹ. Ó rọra bó díẹ̀ níbẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ó wí lábẹ́lẹ̀.

Nínú yàrá àtúnṣe, Bàbá jókòó ti tábìlì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dáhùn ìkíni.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ló ń bá Bàbá ka ìwé, tí mo sì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì."

Má-kánjú na ọ̀dà tó bó létí férémù sí Bàbá láìsọ̀rọ̀. Bàbá ò na ọwọ́. Ọmọ rẹ̀ ló yára gbà á, ó fi í lé e lọ́wọ́.

Bàbá fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. "Tuntun lèyí. Kò tíì gbẹ dénú."

"Etí àwòrán ogun ojú omi ni, Bàbá."

"Irọ́ ni! Ọ̀dà tìyẹn le bí òkúta. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi..." Bàbá tún tẹ ọ̀dà náà.

"Ayédèrú ni wọ́n gé," Má-kánjú wí. "Bí onímọ̀ bá fọwọ́ kàn án lọ́la, àṣírí á tú. Ẹni tó gé e ní kọ́kọ́rọ́, ó ka lẹ́tà ọ̀gá, ó sì ń ríran débi tó fi lè ya ọkọ̀ mọ́kànlá. Ojú Bàbá ò ríran mọ́. Àbúrò mi, ìwọ ni."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kúnlẹ̀ fún.

"Ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ tí ẹ fọ àwòrán yẹn, ẹ ṣi ìgò mú. Oògùn tó ń bó ọ̀dà lẹ fi nù ún. Ẹ̀ ń kọrin, Bàbá. Kí n tó wọlé, ọkọ̀ mẹ́rin ti lọ. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé ojú yín ti bàjẹ́, wọ́n á lé yín, iṣẹ́ yìí ló sì gbé yín ró. Mo ya òmíràn láti inú fọ́tò. Nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí ọlọ́dẹ lọ ti géètì, mo mú kọ́kọ́rọ́ yín, mo gé ayédèrú náà, mo sì sun ún."

"Ọlọ́dẹ ńkọ́?" Má-kánjú bi í.

"Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀." Kò lè gbójú sókè.

"Gbé ojúlówó wá," Bàbá wí.

Ọmọ náà fà á yọ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ síwájú Bàbá, ó sì tún kúnlẹ̀. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ wá gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Àwọn atukọ̀ tó di pátákó mú nínú omi ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, Bàbá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Èmi ni mo pa àwòrán yìí. Ọmọ mi kàn bá mi sin ín ni. Ẹ kọ orúkọ àwa méjèèjì."

Má-kánjú pe àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n tú ọlọ́dẹ sílẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Bàbá mú láti mú un jáde, nítorí ọmọ tó máa ń fọ̀nà hàn án ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.