Ìbẹ̀wò Ẹ̀gàn

Ní ọdún kọkànlélọ́gọ́ta tí àwọn baba wa tẹ Òkè-Òṣùpá dó, ìyẹn ìlú wa tó wà lórí òṣùpá gan-an, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé, wọ́n ní àríyànjiyàn ló wá parí. Ṣíọ̀! Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé àpótí bàtà ni. Ó kúrú, ó funfun, ó ní ojú kan ṣoṣo tó ń tàn yanranyanran. Amòpin ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí àárín Gbọ̀ngàn Ìwòran, níbi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti máa ń bú ara wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó sì fi ohùn ẹni tó ti jẹun yó sọ̀rọ̀.

"Ẹgbẹ́ Ẹ̀fúùfù yóò ṣe ipò keje ní sáà yìí. Ẹgbẹ́ Agbọ́n ni yóò gba ife. Ẹ ṣeun."

Ó tún ní ẹ ṣeun!

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹgbẹ́ tí Ẹ̀fúùfù jẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń wí. Òun ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ jù nílé Ayé, orúkọ náà nìkan ló sì kù tí wọ́n ní. Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko, ife ò kan ilé wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù olówó gọbọi. Á dé, á ya fọ́tò, á rẹ́rìn-ín músẹ́, orúnkún á yẹ̀, ó parí. Aṣọ́lé wọn nìyẹn, bí ẹ bá ju ọsàn sí i, á jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ìdajì ìlú wa ló ń tẹ̀ lé wọn, torí pé baba wọn tẹ̀ lé wọn, baba baba wọn náà sì kú sórí rẹ̀.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Baba Ọláṣeéní, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó ti ń tún páìpù omi ìlú ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn mọ́. Ọdún-Yìí-Ni là ń pè é, torí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sáà ni yóò dìde dúró, yóò na ìka sókè, yóò ní, "Ọdún yìí ni!" Ó ti wí i lẹ́ẹ̀mẹtàlélógún, ojú ò tì í. Ariwo ẹnu ara rẹ̀ ti di í létí díẹ̀, kò sì ní ìyàwó mọ́, kò ní ọmọ lórí òṣùpá. Òun nìkan ló ń gbé.

Ọ̀tá rẹ̀ ni Làmídì wẹ́dà, ọmọ ẹgbẹ́ Agbọ́n, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju iná tó fi ń gé irin lọ.

"Baba, Ẹ̀fúùfù yín yìí, bí wọ́n bá pàdé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọn ó jìyà!"

"Làmídì, pa ẹnu dé. Ta ló gba ife lọ́dún tí wọ́n bí ọ?"

"Baba, mo ti bí ọmọ mẹ́ta sílé Ayé báyìí! Ẹ ò tíì gba òmíràn!"

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é, àgbàlagbà pẹ̀lú ẹni tó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ẹ bá sì rò pé ó parí sí gbọ̀ngàn, ẹ ò mọ àwọn ará Òkè-Òṣùpá. Wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ìbẹ̀wò Ẹ̀gàn. Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ, tí o wá sá pamọ́ sílé lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ni yóò kó ìkòkò àti ṣíbí, tí wọ́n á tò wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Wọn ò ní lọ títí o ó fi ṣílẹ̀kùn. Màmá Àtòkẹ́, tó ń ṣe àkóso gbọ̀ngàn, ló máa ń dá orin:

"Yọjú, yọjú, ẹni wọ́n nà!
Ilẹ̀kùn ò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ wa,
Yọjú, ká rí ọ!"

Ìwà ọmọọ̀ta gbáà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí. Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ilé wa wà lórí òṣùpá, ihò gígùn ló so wọ́n pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní afẹ́mìí tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èémí burúkú tó sì ń fẹ́ tuntun jáde. Bí eruku òṣùpá bá dí afẹ́mìí, kì í pariwo. Aago kékeré kan á máa dún nínú ilé, ṣùgbọ́n oorun ni èémí burúkú fi ń mú èèyàn. Ẹni tó bá sùn tán kì í gbọ́ aago.

Ní ọdún tó ṣáájú, Ẹ̀fúùfù ṣèèṣì na Agbọ́n ní mẹ́rin sí òdo. Làmídì ò yọjú lọ́jọ́ kejì. Ọdún-Yìí-Ni kó ogójì èèyàn lẹ́yìn, wọ́n lu ìkòkò títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. "Ó ń dọ́gbọ́n ni," ni Baba wí, "ẹ fọ́ ọ!" Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n bá Làmídì nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n wọ́ ọ síta, wọ́n fẹ́ èémí sí i nímú. Bó ti lajú báyìí, Ọdún-Yìí-Ni bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ ọn létí, ó ní, "Làmídì, mẹ́rin sí òdo. A nà yín."

Gbogbo ihò náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí ló yọ Làmídì, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ta ló wá fẹ́ kí àríyànjiyàn parí? Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó tíì rí i kó bú ẹnikẹ́ni rí. Ó fi ẹ̀rọ wọn èémí tí ogójì ẹlẹ́nu gbígbòòrò ń jẹ run lálaalẹ́, ó gbé ìwé lọ bá Ìgbìmọ̀ Ìlú, ó ní ẹni tó ń pariwo ń mí ìlọ́po méjì ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá lè sọ òpin sáà fún wọn, ó ní, wọn ò ní pariwo mọ́, èémí ìlú yóò sì ṣẹ́kù. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún ohunkóhun tí kò bá yé wọn.

Lọ́jọ́ tí Amòpin kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yẹn, Ọdún-Yìí-Ni dìde, ó na ìka sí Ọ̀mọ̀wé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bi ọ́ ní ipò keje?"

"Baba, ẹ má bínú," ni Ọ̀mọ̀wé wí, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ìṣirò ni. Nínú ìdíje ogún, ó lè ṣàṣìṣe nínú ẹyọ kan péré. Ẹ ò ní máa da ara yín láàmú mọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ń dà mí láàmú?"

Màmá Àtòkẹ́ dá sí i. "Ọ̀mọ̀wé, bí a bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí la ó máa wá ṣe níbí?"

"Ẹ ó sinmi, mà."

"Sinmi! Ṣé a sọ fún ọ pé ó rẹ̀ wá ni?"

Làmídì ńkọ́? Làmídì ń jó ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ti ní Agbọ́n ni yóò gba ife, kí ló tún kù? Ó fọwọ́ gbá àpótí náà lórí, ó ní, "Ọlọ́gbọ́n ni ẹ̀rọ yìí o!" Òmùgọ̀ ènìyàn.

Ìdíje kìíní, bí Amòpin ṣe wí ló rí. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó fi máa di ìdíje kọkànlá, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo àbájáde ìdíje nílé kí wọ́n tó gbá a. Ẹni tó bú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ á kàn ní, "Mo ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá," èébú á sì tẹ́. Kò sí ìdùnnú nínú kí o máa fi ẹni tí ara rẹ̀ ti gbà á ṣe yẹ̀yẹ́. Ogójì di mẹ́wàá, mẹ́wàá di mẹ́ta. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Ọ̀mọ̀wé gbé pátákó kan kọ́: ÈÉMÍ TÍ A FI PAMỌ́, ÀGBÁ MẸ́TÀDÍNLÓGÚN. Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kúkú pa afẹ́mìí gbọ̀ngàn, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọdún-Yìí-Ni ló kẹ́yìn níbẹ̀. Ó ká ìbòrùn Ẹ̀fúùfù rẹ̀ tó ti ṣá mọ́rùn, ó yíjú sí àpótí bàtà náà.

"Ọdún yìí ni," ló wí fún un.

"Ipò keje ni," ni Amòpin dáhùn. "Ẹ ṣeun."

Baba lọ sílé rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ihò kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá àfi ẹni tó bá ń lọ bú u. Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Làmídì.

Ìdíje kejìlá wá dé. Ẹ̀fúùfù pẹ̀lú Agbọ́n. Amòpin ní mẹ́ta sí òdo, Agbọ́n ni yóò jẹ ẹ́. Nígbà kan rí, gbogbo ìlú ni ì bá ti dákẹ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí Làmídì fọ aṣọ, ó jẹ ẹ̀bà, ó sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí wàláà ìròyìn rẹ̀ wò, ó sì ta gìrì. Ẹ̀fúùfù ọ̀kan, Agbọ́n òdo! Ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, ọmọ ẹgbẹ́ Agbọ́n kan fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ ilé ara rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ wo ni Ẹ̀fúùfù tó jẹ́ pé wọn ò lè jáwé olúborí láìjẹ́ pé ọ̀tá bá wọn gbá a?

Ṣùgbọ́n ẹ wo Làmídì. Inú rẹ̀ dùn! Ó fò dìde. "Mo gbé! Baba ń bọ̀ wá pa mí lónìí." Ó gbálẹ̀. Ó gbé àga méjì síta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to èsì jọ lẹ́nu: bí Baba bá wí báyìí, èmi ó ní ẹ kú oríire ọ̀fẹ́, bí ó bá wí tọ̀hún, èmi ó ní ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa tó bá yín gbá a. Láti ìgbà tí gbọ̀ngàn ti kú, kò sẹ́ni tó bú u. Kò mọ̀ pé ó ń jẹ òun níyà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, ó gbọ́ ìró nínú ihò, ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì rí i pé ẹ̀rọ agbálẹ̀ ìlú ló ń kọjá lọ. Ó padà jókòó. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣú, Baba ò dé.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó bínú. "Ṣé bó ṣe fojú tín-ín-rín mi tó nìyí? Kó nà mí, kó má tilẹ̀ wá bú mi?" Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò lè fara dà á mọ́. Ó mú iná ìgérin rẹ̀ dání, torí ọ̀nà ibi iṣẹ́ ló ní òun ń lọ, irọ́ ló sì ń pa. Ó pàdé Màmá Àtòkẹ́ lójú ọ̀nà.

"Màmá, ẹ bá mi débẹ̀. Mo fẹ́ bi Baba pé kí ni mo ṣe fún un tí kò wá fi mí ṣẹ̀sín."

Màmá dúró. "Kò wá? Ẹ̀fúùfù nà yín, Ọdún-Yìí-Ni ò wá?"

Wọ́n wo ara wọn. Ni wọ́n bá gbéra, wọ́n ń sáré.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n lù ú, kò sẹ́ni tó dáhùn. Làmídì tan iná, ó gé irin ilẹ̀kùn náà. Baba kò jìnnà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ló wà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìbòrùn Ẹ̀fúùfù lọ́rùn rẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkòkò wà lórí itan rẹ̀. Ó ṣì di ṣíbí mú. Ara rẹ̀ ti tutù.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí. Ó dé, ó tú afẹ́mìí wò, eruku dà jáde. Ó ka àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á.

"Ó dí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdíje. Oorun á ti gbé Baba lọ. Wọ́n ṣì ń mí... wọ́n ṣì ń mí títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì."

"Ọ̀sán?" ni Làmídì wí. "Mo wà nílé lọ́sàn-án. Mo ti gbálẹ̀. Mo jókòó."

Màmá Àtòkẹ́ yíjú sí Ọ̀mọ̀wé.

"Àgbá mẹ́tàdínlógún tí o bá wa fi pamọ́, níbo ló wà?"

"Ó wà ní ìpamọ́, mà."

"Lọ bù ú wá fún un."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. N kò ní sọ pé ó ṣe mí láàánú.

Àwọn èèyàn ti ń jáde sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ẹ̀rọ ti lé sílé láti oṣù mẹ́ta. Làmídì kúnlẹ̀. Ó rọra yọ ṣíbí lọ́wọ́ Baba, ó gbé ìkòkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin náà sí ara rẹ̀, "Yọjú, yọjú, ẹni wọ́n nà," kò sẹ́ni tó bá a gbè é. Nígbà tó sú u, ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí tó di yẹn, ó sì pariwo kí Baba lè gbọ́.

"Baba, ọ̀kan sí òdo! Ẹ nà wá!"

Ó wá dákẹ́, ó ń retí èébú.